Àdìrẹ Ìtòkú: Ọwọ́ Àwọn Ìyá Ẹ̀gbá, Ayédèrú Inú Ọjà, àti Ìbátan Tó Wà Lókè Òkun

Ọjà Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta kì í jẹ́ kí èèyàn wá òun kiri. Bí mọ́tò bá ti Láfẹ́nwá bọ̀, tó gba Sápọ́n kọjá, kí agbèrò tó ké "Ìtòkú wọlẹ̀ o!", ojú èrò ti rí aṣọ. Ó wà lórí okùn, ó wà lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀, ó wà ní èjìká àwọn ọmọge tó ń sáré tẹ̀ lé oníbàárà: búlúù, pupa, àwọ̀ ewé, àwọ̀ obì. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn ẹlẹ́wé ọmọ àti lẹ́kulẹ́ja to egbò, èèpo igi àti ẹ̀là sílẹ̀ bí ẹni to iṣu. Ẹni tí ara ń ni àti ẹni tó ń wá aṣọ òde, Ìtòkú ni wọ́n jọ ń pàdé sí.

Ọ̀nà ibẹ̀ ò le. Ọkọ̀ ojú irin tuntun tó ń ná Èkó sí Ìbàdàn láti ọdún 2021 ń dúró ní Ládẹ̀rín, níbi tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká, ọmọ Abẹ́òkúta, pe ibùdókọ̀ náà. Ẹni tó bá wọ mọ́tò, Kútọ̀ ni yóò bọ́ sí, kẹ̀kẹ́ Màrúwá á gbé e dé ọjà. Ìmọ̀ràn kan péré ni: kí àlejò má kọ́kọ́ gun Òkúta Olúmọ kó tó rajà o. Ẹsẹ̀ tó ti Olúmọ bọ̀ kì í lè dúró náwó mọ́, iye tí wọ́n bá kọ́kọ́ dá lé aṣọ ni olúwarẹ̀ á san, á sì wá ibi jókòó.

Orúkọ aṣọ yìí ti sọ iṣẹ́ ara rẹ̀: à dì í, à rẹ ẹ́. Bí wọ́n bá fi iko dì í, àdìrẹ oníko nìyẹn. Bí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ rán an kí wọ́n tó rẹ ẹ́, alábẹ́rẹ́ ni. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀kọ ya ni ẹlẹ́kọ, òun ni àgbà nínú wọn ní ti iyì. Ẹ̀kọ tí à ń wí yìí kì í ṣe ẹ̀kọ ọ̀gì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ohun mìíràn ju láfún lọ, tí wọ́n rò pọ̀ mọ́ álọ́ọ̀mù lórí iná. Láfún kan náà tí Ẹ̀gbá ń fi ewédú gbé mì! Ẹni tó bá ń fi Ẹ̀gbá ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí láfún, kó wo aṣọ tó wà nídìí ìyá rẹ̀ dáadáa.

Ìbàdàn ló lókìkí ìyẹ́ adìẹ. Àwọn aláàdìrẹ ibẹ̀ a máa ti ìyẹ́ bọ ẹ̀kọ, wọ́n á sì fi ya ohun tó wà lọ́kàn wọn sára aṣọ. Abẹ́òkúta ní tirẹ̀ mú páànù. Wọ́n á gé àwòrán sára páànù, wọ́n á tẹ́ ẹ lé aṣọ funfun, wọ́n á fi ẹ̀kọ ra ojú rẹ̀. Ibi tí ẹ̀kọ bá gba ihò wọlé, aró ò ní mú un. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọkùnrin wà, torí ọkùnrin ló ń gé páànù; obìnrin ló ni ìyókù, títí kan owó. Àwọn ọnà kan lórúkọ tí àwọn àgbàlagbà ò gbàgbé: Olókun, Ìbàdàndùn, àti Ọlọ́ba, èyí tí àwòrán ọba àti ayaba òyìnbó wà lára rẹ̀, nítorí ayẹyẹ ọdún 25 tí Ọba George Karùn-ún ṣe lórí ìtẹ́ ní ọdún 1935.

Àwọn Ẹ̀gbá máa ń sọ pé agboolé Jojolá ní Kẹ́mta ni iṣẹ́ yìí ti gbérí, lọ́wọ́ Ìyálóde Jojolá, ẹni tó jẹ oyè tí Ìyálóde Tinúbú ti jẹ kó tó kú ní 1887. Aró rírẹ fúnra rẹ̀ ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nílẹ̀ Yorùbá. Ohun tó sọ ọ́ di òwò ńlá ni aṣọ funfun òyìnbó tó ń gba Èkó wọlé, tó sì ń bá rélùwéè dé Abẹ́òkúta. Aṣọ náà fẹ́lẹ́, ó ṣeé dì, ó ṣeé rán, kò wọ́n bí òfì. Yáàdì méjì ààbọ̀ lọ́nà méjì, kí wọ́n so ó pọ̀, ìró ti dé. Nígbà tó fi máa di ọdún 1920 síwájú, àwọn oníṣòwò ti ń ti Gold Coast, tó di Ghana lónìí, àti Senegal wá kó àdìrẹ l'Ábẹ́òkúta. Abẹ́òkúta tí Ẹ̀gbá sá wá tẹ̀dó sí lábẹ́ òkúta ní 1830 ti wá di ibi tí àlejò ń fi owó wá.

Ẹ jẹ́ kí á dúró nídìí ìkòkò aró díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ewé èlú tútù ni wọ́n ń gún nínú odó, wọ́n á ṣù ú roboto, wọ́n á sá a sóòrùn kó gbẹ. Lẹ́yìn náà ni eérú. Wọ́n á to ìkòkò méjì lé ara wọn. Ti òkè ní ihò nídìí, eérú wà nínú rẹ̀. Omi tí wọ́n bá dà sí eérú á máa kán tó, tó, tó sínú ti ìsàlẹ̀. Omi eérú yìí ni wọ́n ń rẹ èlú sí. Ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ márùn-ún, nígbà mìíràn ọ̀sẹ̀ kan, kí aró tó gbó. Ìyá tó mọ iṣẹ́ kì í wo kàlẹ́ńdà, imú ló fi ń mọ̀. Ẹni tí kò mọ òórùn aró tó gbó á sì pa imú mọ́ kó tó dé ẹ̀yìnkùlé.

Aṣọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò kì í tíì ṣe búlúù. Àwọ̀ ewé ló ní. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di búlúù lójú gbogbo èèyàn, bí idán. Wọ́n á tún rì í, wọ́n á tún gbé e sókè, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀marùn-ún, títí yóò fi dúdú mìnìjọ̀. Nígbà tó bá gbẹ, wọ́n á ha ẹ̀kọ kúrò, wọ́n á fi kùmọ̀ igi lù ú lórí ìtì igi kó lè dán. Aró míì a máa kọ̀, kò ní mú aṣọ rárá, láìsí ìdí kan tí ẹnikẹ́ni rí. Ìyá Màpó, òrìṣà àwọn obìnrin oníṣẹ́ ọwọ́, ni àwọn aláró àtijọ́ máa ń ké pè bó bá di bẹ́ẹ̀.

Ta ló máa dúró de èlú fún ọ̀sẹ̀ kan bí ohun tó yá bá wà? Láti 1897 ni àwọn ará Jámánì ti ń ta aró inú agolo, èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe. Nígbà tí òun àti sóódà líle dé Abẹ́òkúta, àwọn aláró gbá a mú, torí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan di iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ìjà bẹ̀rẹ̀. Àwọn oníbàárà òkèèrè ń kígbe pé aṣọ ń ya, aró ń ṣí. Aláké Ladapọ̀ Adémọ́lá fòfin de aró òyìnbó àti sóódà. Àwọn aláró ò gbà. Ní ọdún 1936 wọ́n gbé ẹjọ́ wọn síwájú ìjọba òyìnbó, pé oúnjẹ àwọn ni wọ́n ń gbà lẹ́nu àwọn yẹn. Ogun owó orí tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jà ní 1947 ni gbogbo ayé mọ̀. Àwọn aláró ti bá Aláké kan náà wọ̀yá ìjà lọ́dún mọ́kànlá ṣáájú ìgbà yẹn.

Lónìí, ẹni tó bá dé Ìtòkú mọ ẹni tó borí. Sóódà ló borí. Kàm̀pálà ló pọ̀ jù lórí àtẹ: wọ́n á yọ́ àbẹ́là, wọ́n á gé fóòmù ní àwòrán, wọ́n á tì í bọ àbẹ́là gbígbóná, wọ́n á fi lu aṣọ, kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sí aró aláràbarà. Àwọn àgbà ọjà ní ìgbà ìjọ̀rọ̀ àlàáfíà ogun Biafra tí wọ́n ṣe ní ìlú Kampala ní 1968 ni orúkọ náà wọlé. Aṣọ kàm̀pálà dára, kò sí ẹni tó máa bú u. Ṣùgbọ́n sóódà ń jẹ ọwọ́, omi rẹ̀ tí wọ́n ń dà sí gọ́tà kò dára fún odò, bẹ́ẹ̀ ni ìbọ̀wọ́ rọ́bà kò wọ́n tó oògùn egbò.

Ó yẹ kí àwọn ìyá Ìtòkú mọ̀ pé wọ́n ní ìbátan níbi tí wọn ò rò. Ní Jàpáànù, nínú ìlú Nagoya, àdúgbò kan wà tó ń jẹ́ Arimatsu. Láti 1608 ni wọ́n ti ń di aṣọ, tí wọ́n ń rẹ ẹ́ sí aró níbẹ̀. Shibori ni wọ́n ń pè é. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àdìrẹ oníko àti alábẹ́rẹ́, ẹ ó ní ọmọ ìyá ni wọ́n. Ẹ̀bá títì ni Arimatsu náà wà, ojú ọ̀nà táwọn èèyàn ń gbà láti Tokyo lọ sí Kyoto láyé àtijọ́, àwọn èrò ọ̀nà ni wọ́n sì ń ta aṣọ náà fún, gẹ́gẹ́ bí Ìtòkú ṣe ń ṣe. Àwọn ará Jàpáànù tún ń ra ẹ̀kọ sára aṣọ. Ìrẹsì ni tiwọn, kì í ṣe láfún, bébà líle tí wọ́n fi omi èso rẹ sì ni páànù tiwọn. Ní Tokushima, nǹkan bí 100 ọjọ́ ni wọ́n fi ń rẹ ewé èlú tiwọn kó tó di aró. Ká sọ fún ìyá tó ń pariwo pé ọ̀sẹ̀ kan ti pẹ́ jù!

Àwọn èèyàn yìí ò fi iṣẹ́ ọwọ́ ṣeré. Òdòdó lásán, wọ́n sọ títò ó sínú ìkòkò di iṣẹ́ tí ọmọ ń sin ọ̀gá kọ́ fún ọdún gbọọrọ. Ikenobo tó wà ní Kyoto ti ń kọ́ni bẹ́ẹ̀ fún ohun tó lé ní 500 ọdún. Nígbà tó sì di 1974, wọ́n ṣòfin láti dáàbò bo iṣẹ́ ìbílẹ̀. Àdìrẹ Arimatsu wọ inú rẹ̀ ní 1975, ó sì ní àmì tí ẹni tó ń rà á fi lè mọ ojúlówó. Òfin yẹn náà ò yanjú gbogbo rẹ̀ o. Àwọn oníṣòwò ibẹ̀ kan ń kó aṣọ lọ fún àwọn ará Korea àti Ṣáínà dì, torí owó iṣẹ́ wọn kéré, àwọn ìyá tó ń dì í nílé sì ń dín kù.

Ṣáínà yìí kan náà ló wà lọ́rùn Ìtòkú báyìí. Aṣọ tí ẹ̀rọ tẹ̀, tí wọ́n ya ọnà àdìrẹ sí lára, ń wọlé ní bérù-bérù. Ohun tí ìyá kan fi ọjọ́ mẹ́rin ṣe, ẹ̀rọ á tẹ̀ ẹ́ kí a tó ṣẹ́jú. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn ti dá ọjà àdìrẹ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọdún 2020 kí oníbàárà òkèèrè lè bá oníṣẹ́ gan-an ná an, ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n kí á má tan ara wa jàre: kì í ṣe ará Ṣáínà ló ń gbé ayédèrú wá sórí àtẹ Ìtòkú. Ọmọ ọjà ló ń rà á, tó ń tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúlówó, tó ń fi ẹnu dídùn pè é ní iṣẹ́ ọwọ́. Ọmọbìnrin tó rí i pé ẹni tó ń ta ayédèrú ń jèrè ju ìyá òun tí ọwọ́ rẹ̀ bó lọ, kí ló fẹ́ jókòó kọ́ iṣẹ́ aró fún?

"Ìyá aláṣọ, ẹ bá mi já díẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ń ta irú ẹ̀ ní ìdajì owó yìí lọ́hùn-ún."

"Oníbàárà mi, ẹ yí ẹ̀yìn tọ̀hún wò, kí ẹ tó yí tèmi. Ẹ wá wo ọwọ́ mi."

Ọwọ́ náà á sì dúdú dé ọrùn ọwọ́.

Òótọ́ ni ìyá yẹn sọ, ẹ̀yìn aṣọ ni kí oníbàárà wò. Àdìrẹ oníko àti kàm̀pálà máa ń mú aró níwá-lẹ́yìn, ọnà rẹ̀ á hàn lójú méjèèjì. Ti ẹ̀rọ, ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń ràn fẹ́ẹ́, bí aṣọ tí wọ́n fọ̀ jù. Ẹlẹ́kọ ló ń rú àwọn ẹlòmíràn lójú, torí ojú kan ni wọ́n ń ra ẹ̀kọ sí: ẹ̀yìn rẹ̀ á dúdú, ọnà ò ní fi bẹ́ẹ̀ hàn, ṣùgbọ́n kò ní funfun láéláé. Kí oníbàárà tún wo ọnà kan náà níbi mẹ́ta lára aṣọ. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá rí bákan náà délẹ̀, tí ìlà kankan ò wọ́, tí ẹ̀kọ ò sán níbì kankan, ẹ̀rọ ni. Ọwọ́ èèyàn kì í pé tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ rí iṣẹ́ náà lójú, kó má dúró sí ẹnu ìsọ̀. Kó kí àwọn ìyá dáadáa, kó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n mú un wọ inú agboolé lẹ́yìn ọjà, ní Ìtòkú tàbí ní Kẹ́mta, ní àárọ̀ tí oòrùn bá ràn. Òun ni yóò rí ìkòkò, àwọn ọmọ tó ń tú iko, àti aṣọ tó ń kán lórí okùn. Kó wọ aṣọ tí kò ní dùn ún bí aró bá ta sí i. Lákòókò òjò, aṣọ kì í gbẹ bọ̀rọ̀, èyí tí wọ́n ń ṣe á sì dín kù. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ẹlẹ́kọ gidi fún aǹkóò ìnáwó oṣù Kejìlá, láti oṣù Kẹsàn-án ló ti yẹ kó fi owó àsansílẹ̀ lé wọn lọ́wọ́.