Ìbòrí Dúdú àti Ìpolówó Ojú Fóònù

Àwọn tó ti ka Kitābul-Aghānī, ìwé tí Abul-Faraj al-Isfahānī kọ, yóò rántí oníṣòwò ará Kúfà kan tó kó ìbòrí obìnrin lọ sí Mẹ̀dínà. Gbogbo àwọ̀ yòókù ló tà, dúdú nìkan ló kù sí i lọ́rùn. Ó ké gbàjarè lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀, akéwì tí wọ́n ń pè ní al-Dārimī, ẹni tó ti pa ewì tì tó gbájú mọ́ ìjọsìn. Akéwì náà bá ṣe ewì kékeré kan nípa arẹwà tó fi ìbòrí dúdú borí. Ewì náà di orin, ó tàn ká ìlú, kò sì pẹ́ tí ìbòrí dúdú fi tán. Al-Dārimī padà sídìí ìjọsìn rẹ̀.

Ẹ̀yin èwe Mùsùlùmí, ìtàn yìí ni mo sọ fún ọmọ kéwú mi àtijọ́ kan tó wá bá mi ní Ajégúnlẹ̀. (Àdúgbò wa ni wọ́n ní ajé gúnlẹ̀ sí o, ṣùgbọ́n Apápá ni ọkọ̀ òkun ń gúnlẹ̀ sí.) Ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Apápá, níbi tó ti ń ta lọ́fínńdà úùdù àti aago ọwọ́ olówó gọbọi. Ó gbé pátákó ìpolówó sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àwòrán tí ń yọjú bí a bá ń ka ìròyìn lórí fóònù. Ó ní, "Àfáà, ìgbà 50,000 ni wọ́n fi hàn, ènìyàn 30 péré ló tẹ̀ ẹ́, ẹnikẹ́ni ò sì rà." Owó àjọ tí ìyá rẹ̀ fi pamọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ wà nínú ohun tó ná, ìyá ò sì mọ̀. Àmáánà ni. Mo bá a wí dáadáa kí a tó sọ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Nígbà tí irú ìpolówó yìí kọ́kọ́ jáde lórí HotWired ní Amẹ́ríkà, ní oṣù kẹwàá ọdún 1994, tí ti AT&T wà lára wọn, wọ́n ní bí ènìyàn 100 bá rí i, nǹkan bí 44 ló ń tẹ̀ ẹ́. Lónìí, kì í sábà pé ẹyọ kan nínú 100. Ojú ń fò ó bí awakọ̀ ṣe ń fo pátákó tó ti ṣá lójú ọ̀nà Wharf.

Ibi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ni mo fẹ́ mọ̀. A jọ yẹ àkọsílẹ̀ tí Google ń fún olùpolówó wò, a sì rí i pé inú eré ọmọdé ni púpọ̀ ti wá. Àṣé ọmọ tó ń fi fóònù bàbá rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù ló ń tẹ úùdù! A yọ gbogbo eré wọ̀nyẹn kúrò. A tún fi ìpolówó náà mọ sí Apápá, Súrùlérè àti Ìkòyí, nítorí ẹni tí yóò ra úùdù á fẹ́ gbóòórùn rẹ̀ kó tó sanwó, ta ni yóò sì ti Ìkòròdú wá la àárín tírélà Apápá kọjá nítorí ìyẹn?

Àwòrán náà fúnra rẹ̀ dà bí ọjà Boundary lọ́jọ́ Sátidé: ìgò mẹ́rin, aago méjì, àti "ẹ̀dínwó" tí wọ́n fi pupa kọ gàdàgbà. Ẹni tó ń wá ọjà iyì kì í fẹ́ kí wọ́n pariwo ẹ̀dínwó lé òun lórí. A fi ìgò kan ṣoṣo sílẹ̀, àti ọ̀rọ̀ pé kí oníbàárà wá gbóòórùn rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀ ń já sí ojú-ewé tó wúwo tí kò ní iye owó. Nísinsìnyí, iye owó àti nọ́ńbà WhatsApp ló ń kọ́kọ́ rí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ti ọ̀dọ́kùnrin tó ń ya àwòrán fún un. Ó fẹ́ fi obìnrin tó wà ní ìhòòhò ìdajì sí i, kó sì kọ ọ́ pé ìgò mẹ́ta péré ló kù, nígbà tí páálí méjì wà lábẹ́ káńtà. Ó ní bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo rán wọn létí òkìtì oúnjẹ tí Ànọ́bì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti ọwọ́ bọ̀, tí òkè rẹ̀ gbẹ, tí inú rẹ̀ sì tutù. Páálí abẹ́ káńtà ni inú tó tutù yẹn. Yàtọ̀ sí ẹ̀sìn, òfin ARCON ti ọdún 2022 pàápàá kò yọ ìpolówó orí íntánẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Ọmọ kéwú mi gbọ́n, ó ní, "Àfáà, ṣebí obìnrin náà ló wà nínú ewì al-Dārimī?" Mo ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó borí, ohun tó sì fi borí ni ọjà tí wọ́n ń tà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, iye tó rí ìpolówó náà ti dín kù sí ìdajì, ṣùgbọ́n ènìyàn 11 ló wá sí ṣọ́ọ̀bù, mẹ́rin nínú wọn sì ra úùdù. Ó ti dá ìdajì owó àjọ padà, ó sì ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀. Ohun tí ìyá sọ kò ṣeé kọ sínú ìwé yìí. Aago ọwọ́ ò tíì tà. Lójú tèmi, kò yẹ kó kó wọn wá rárá, àmọ́ ó ní kí n ṣe sùúrù di ọdún Iléyá.