Nítorí Àwọn Tó Ń Sá fún Abẹ Dókítà



Ọ̀pọ̀ yín ń bi mí bóyá òótọ́ ni pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nìkan ti tó láti mọ jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun, kí abẹ má wulẹ̀ kan èèyàn. Rárá o. Àwọn onímọ̀ ń wá irú rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àti itọ́, ṣùgbọ́n kò tíì sí èyí tó rọ́pò kí dókítà gé ẹran bíńtín níbi tó ń ṣe èèyàn, kí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò.

Wọ́n lè wá purotéènì kan tó ń jẹ́ p16 nínú ẹran náà. Kì í ṣe purotéènì ẹ̀wà àti ẹyin tí mo máa ń fi yọ yín lẹ́nu o. Ara wa fúnra rẹ̀ ló ń ṣe èyí. Bí kòkòrò àrùn HPV bá dá jẹjẹrẹ sílẹ̀ ní tọ́ńsìlì tàbí ní ìdí ahọ́n, p16 á pọ̀ rẹpẹtẹ níbẹ̀. Wọ́n á da oògùn sí ẹran náà ní láàbù, ibi tí p16 wà á sì di àwọ̀ búráùn. Jẹjẹrẹ ọ̀fun tó ní p16 sábà máa ń gbọ́ ìtọ́jú ju èyí tí kò ní lọ. Kì í ṣe gbogbo láàbù ló ń ṣe é, owó sì ni, nítorí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà.

Wọ́n sọ fún ìyá kan ládùúgbò wa pé bí abẹ bá kàn án, ńṣe ló máa tàn ká. Oṣù méje ló fi ń fi omi iyọ̀ fọ ọ̀fun. Nígbà tó fi dé ọ̀dọ̀ wa, kókó ọrùn rẹ̀ ti tó ẹyin adìyẹ. Abẹ kọ́ ló mú un tàn, ọjọ́ tó ń gorí ọjọ́ ni.

Egbò ẹnu tí kò jinná lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ohùn tó há tí kò là, kókó ọrùn, oúnjẹ tó ń há lọ́fun: ẹ lọ rí dókítà elétí, onímú àti ọ̀fun.

HPV yìí kan náà ló ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ. Láti oṣù kẹwàá 2023 ni Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ mú àwọn ọmọ-ọmọ yín wá lọ́jọ́ àjẹsára. Ẹ sì bá mi fi èyí ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ yòókù.