Ọ̀tá Tí A Fi Owó Ara Wa Bọ́

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo pinnu láti fi owó ìfẹ̀yìntì mi dá ilé ìtẹ̀wé sílẹ̀. Mo pe ọ̀rẹ́ márùn-ún jọ, mo sì ro èrò mi fún wọn. Mẹ́rin nínú wọn pàtẹ́wọ́. Ẹnì karùn-ún, tí a jọ ṣe kékeré, béèrè pé: "Bí iná ìjọba bá lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, èló ni wàá fi ra epo sí jẹnẹrétọ̀? Bí àwọn ilé-ìwé bá kó ìwé lọ tí wọn kò sanwó ńkọ́?" Mo ní ìlara ló ń ṣe é. N kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Kí ọdún kejì tó parí, aláǹtakùn ti ta òwú sórí ẹ̀rọ mi. Ohun méjèèjì tí ó béèrè ló pa òwò náà.

Ìtàn àwọn awakọ̀ òfurufú ogun ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló la ojú mi sí ẹ̀bi mi. Nígbà ogun Vietnam, ọkọ̀ wọn lágbára, ó sì gbówó lórí, síbẹ̀ àwọn ọkọ̀ MiG kéékèèké ń já wọn bọ́ ju bí wọ́n ti rò lọ. Ara ohun tó fà á ni pé láàárín ara wọn ni wọ́n ti ń dánra wò: irú ọkọ̀ kan náà, ọgbọ́n ìjà kan náà. Ẹni tó bá ń bá òjìji ara rẹ̀ jìjàkadì kò lè mọ ọwọ́ tí àlejò yóò gbé wá.

Ní oṣù kẹta ọdún 1969, àwọn ọmọ ogun ojú omi wọn dá ilé-ẹ̀kọ́ tí a mọ̀ sí Topgun sílẹ̀ ní Miramar, ní California. Níbẹ̀, àwọn olùkọ́ ń wa ọkọ̀ A-4, tó kéré, tó sì ń yára yí bíi MiG-17. Ní 1972, àwọn ọmọ ogun òfurufú náà gbé ikọ̀ kan kalẹ̀ ní Nellis, ní Nevada, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó ṣe ọ̀tá lọ. Wọ́n kọ́ ọgbọ́n ìjà àwọn ará Soviet, wọ́n sì kun ọkọ̀ wọn bíi tiwọn. Ní 1975 ni ìdánrawò ńlá tí wọ́n ń pè ní Red Flag bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti ṣàkíyèsí pé awakọ̀ tó bá la ìjà mẹ́wàá àkọ́kọ́ kọjá sábà máa ń yè. Wọ́n ní kí ó kúkú ja mẹ́wàá náà nílé. Kódà, ikọ̀ kan wà ní Tonopah tó ń fi ojúlówó MiG ṣe iṣẹ́ yìí ní ìkọ̀kọ̀. Ọdún 2006 ni ìjọba tó tú àṣírí rẹ̀.

Ohun tó wọ̀ mí lára jù ni ohun tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn ìjà. Gbogbo wọn a jókòó sí yàrá kan, wọn a tú ìjà náà palẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, wọn a gbé ipò tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọ̀gá a jẹ́wọ́ àṣìṣe rẹ̀ níwájú ọmọṣẹ́. Ẹni tó ṣe ọ̀tá kò yọ̀ pé òun borí. Yóò fi ibi tí òun gbà wọlé han ẹni tí òun borí. Ibẹ̀ ni a ti ń mọ ọ̀tá àfọwọ́fà yàtọ̀ sí elénìní. Elénìní a tọ́ka sí àléébù, a sì máa lọ. Ọ̀rẹ́ a dúró kí ẹ jọ tún un ṣe.

Ní ilẹ̀ wa, ta ni à ń sanwó fún kí ó ta ko wa? Àwọn olùrànlọ́wọ́ tó yí àwọn aláṣẹ wa ká pọ̀, ṣùgbọ́n onílù ni púpọ̀ nínú wọn. Ẹni tó bá béèrè pé ibo ni owó afárá kan yóò ti wá, kíá ni wọn a sọ ọ́ di ọmọ ẹgbẹ́ alátakò. Bí afárá náà bá wá dúró sí agbedeméjì odò, àwa ará ìlú la ó máa fi ọkọ̀ ojú omi kọjá lábẹ́ rẹ̀. N kò lè bú wọn títí, nítorí èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ilé mi.

Ní oṣù tó kọjá, mo tọ ọ̀rẹ́ mi lọ, mo sì tọrọ àforíjì. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Kí lo wá fẹ́ ṣe báyìí?" Mo ní mo ń ro ọ̀sìn adìẹ. Ó fa àga kan súnmọ́ mi.

"Ó dáa. Àpò oúnjẹ adìẹ kan, èló ni lọ́jà lónìí?"

N kò mọ̀. Mo yọ bírò mi.