Ẹrù Tèmi Ni

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí n lọ rí alábòójútó iṣẹ́ àṣekágbá mi ni mo gbé ẹ̀dà tuntun R sórí kọ̀ǹpútà mi. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti ṣí i, ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko ni mo fi ń wò ó níran. Mo bú ẹ̀dà tuntun. Mo yọ ọ́ kúrò, mo tún gbé e padà. Pàbó ló já sí.

Ẹ̀gbọ́n wa kan ní kí n tẹ R --vanilla sínú terminal. Àṣẹ yìí ń ṣí R láìka .Rprofile, láìkó ẹrù àtijọ́ wọlé. Kíá ló ṣí! A jẹ́ pé ẹrù tèmi ló wúwo.

Mo wá àwọn fáìlì tó fara pamọ́, mo sì rí .RData nínú fódà iṣẹ́ mi: ó lé ní gígábáìtì 2. Nígbàkígbà tí R bá bi mí bóyá kí ó tọ́jú ohun tó wà nílẹ̀, "bẹ́ẹ̀ ni" ni mò ń dáhùn. Ọjọ́ tí mo gbé ẹ̀dà tuntun wá gan-an ni mo tọ́jú èyí tó tóbi jù.

Mo fẹ́ pa á rẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi dúró. Inú rẹ̀ nìkan ni tábìlì ìwọ̀n ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ tí mo fọwọ́ tún ṣe wà. Mo yí orúkọ rẹ̀ padà, mo fi load() yọ tábìlì náà, mo sì tọ́jú rẹ̀ sí CSV.

Ní báyìí, "rárá" ni mò ń dáhùn. Inú script ni iṣẹ́ mi ń gbé. Ẹ yẹ fódà yín wò kí ẹ tó bú ẹ̀dà tuntun.