Mo Lé Ọmọ Ọlọ́mọ Jáde Nítorí Pé Bákàrè Lòun Náà Ń Jẹ́

Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ọdún 2019 tí n kò lè sọ fáyé gbọ́, ìtìjú ni kò jẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé kì í ṣe èmi nìkan ni irú ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ sí. Ẹni tó bá fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín kó rẹ́rìn-ín, kó sáà ti fi kọ́gbọ́n.

Aṣọ ni mo ń tà ní Gbági, n'Ìbàdàn níbí. Ànkárá, léèsì, gínì, gbogbo ẹ̀ ni mo ń tà. Bákàrè lorúkọ ọkọ mi, òun náà ni gbogbo oníbàárà fi ń pè mí: Alhaja Bákàrè. N kò tíì dé Mẹ́kà o, ẹnu ọjà ló sọ mí di Alhaja. Ọkọ mi kú ní 2011, ó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ fún mi. Àkọ́bí wa, obìnrin, òun lọ̀rọ̀ yìí kàn.

Lọ́jọ́ Sunday kan lóṣù kẹta 2019, ọmọ mi ní ẹnì kan fẹ́ wá kí mi. Inú mi dùn, mo se ọbẹ̀ sílẹ̀. Ọmọkùnrin náà dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó gbé iṣu márùn-ún kalẹ̀. Ó ní iṣẹ́ wáyà iná lòun ń ṣe. Ojú ẹ̀ fani mọ́ra, ó sì ń fọhùn bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Mo ti ń fọkàn yan irú léèsì tí màá wọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó.

Mo wá bi í pé, "Ta lorúkọ bàbá yín?"

Ó ní, "Bákàrè ni, mà."

Háà! Àyà mi já. Mo ní, "Bákàrè wo?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bákàrè náà ni, mà. Bíi tiyín."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo dìde. Mo ní ọmọ Bákàrè kan kò lè fẹ́ ọmọ Bákàrè kejì, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kì í fẹ́ra wọn nílẹ̀ Yorùbá. Mo ní kó gbé iṣu ẹ̀ kó máa lọ. Ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó ní, "Màámi, ará Ọ̀fà ni wọ́n. Ìsẹ́yìn ni bàbá mi ti wá. Ibo la ti fẹ́ bára tan?" Mo ní ẹ̀jẹ̀ kò mọ ìlú. Ọmọ ọlọ́mọ kó iṣu ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kúnlẹ̀ ó dágbére fún mi, ó jáde. Ìdágbére yẹn ló ń dùn mí jù títí dòní. Kò wí nǹkan kan.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ọmọ mi kó lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ ẹ̀ l'Ékòó. Oṣù mẹ́rin gbáko, kò pè mí lórí fóònù. Tí mo bá pè é, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà," á pa á. Ọmọ tí mo gbé lóyún, tí mo pọ̀n kiri Gbági, ó wá ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá kọsítọ́mà sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ tí ojú mi là, ọjọ́ ọjà ni. Wọ́n ń ra aṣọ ẹbí lọ́wọ́ mi, mo ń kọ rìsíìtì. Obìnrin àkọ́kọ́ ní kí n kọ Bákàrè, ará Ẹ̀pẹ́ ni. Kò pẹ́, òmíràn dé láti Ìjẹ̀bú-Igbó, Bákàrè ni. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, obìnrin kan tó gbé Bíbélì sínú báàgì wá ra gínì ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní, "Ẹ kọ Bákàrè, Abẹ́òkúta ni wá." Mo gbé bírò sílẹ̀. Mo ní nínú ara mi pé, ṣé baba kan ṣoṣo ló bí gbogbo àwọn èèyàn yìí ni? Bàbá wo ló ń sáré láti Ẹ̀pẹ́ dé Ìsẹ́yìn, tó tún gba Ọ̀fà kọjá?

Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Lọ́jọ́ kejì mo gba ọ̀dọ̀ Àáfà àdúgbò wa lọ, bàbá àgbàlagbà tó kéwú dójú àmì. Mo ro gbogbo ẹ̀ fún wọn. Wọ́n gbọ́ tán, wọ́n ní, "Ìyá Aláṣọ, ẹ ti jẹ orúkọ yìí pẹ́, ẹ kò sì mọ ẹni tó ni ín?"

Wọ́n ní Abu Bakr ni àwọn Lárúbáwá ń pè é. "Abu" ni bàbá. "Bakr" ni ọ̀dọ́ ràkúnmí. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni "bàbá ọ̀dọ́ ràkúnmí". Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo pa á mọ́ra. Wọ́n ní ìnagijẹ ni fún ẹni tó kọ́kọ́ gbé orúkọ náà lókìkí. Abdullah lorúkọ tí wọ́n gbà ń mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n Abu Bakr ló mọ́ aráyé lẹ́nu. Òun ni ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ Ànábì Muhammad. Nígbà tí Ànábì sá kúrò ní Mẹ́kà lọ sí Mẹ̀dínà ní ọdún 622, òun ló bá a lọ, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ fara pamọ́ sínú ihò àpáta. Aíṣà ọmọ ẹ̀ ni Ànábì fẹ́. Owó ara ẹ̀ ló fi ra Bìlálì, ẹrú aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń fìyà jẹ, tó sì dá a sílẹ̀. Nígbà tí Ànábì kú ní 632, òun ni wọ́n kọ́kọ́ fi jẹ arọ́pò, ó sì wà nípò náà títí tó fi kú ní 634.

Àáfà wá wò mí, wọ́n ní, "Ṣé ẹ mọ iṣẹ́ tó ń ṣe?"

Mo ní n kò mọ̀.

Wọ́n ní, "Aṣọ ló ń tà. Aláṣọ ni, bíi tiyín."

Ẹ gbọ́ o! Mo ní kí wọ́n tún un sọ. Wọ́n ní ìtàn fi yé wa pé nígbà tí wọ́n fi jẹ olórí tán, ó tún ru ìdì aṣọ ẹ̀ lówùúrọ̀, ó kọrí sọ́jà kó lè rí owó bọ́ ilé ẹ̀. Ọ̀rẹ́ ẹ̀ Umar pàdé ẹ̀ lọ́nà, ó ní ta ni yóò wá bójú tó ọ̀rọ̀ ìlú. Ìgbà náà ni wọ́n tó bu iye kan fún un nínú owó ìlú kó lè fi ọjà sílẹ̀. Látọdún tí mo ti fẹ́ ọkọ mi, n kò mọ̀ pé orúkọ aláṣọ ni wọ́n fi ń pè mí nídìí aṣọ.

Mo ní, "Àáfà, kí ló wá dé tó fi pọ̀ tó báyìí?" Wọ́n ní orúkọ èèyàn ńlá ni, ọ̀pọ̀ ibi tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù dé ni wọ́n ti ń sọ ọmọ bẹ́ẹ̀. Ahọ́n ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe é bó ṣe wù ú. Hausa ń pè é ní Abubakar, Kanuri ń pè é ní Bukar. Ní Mali àti Senegal, Boubacar ni. Ní Benin àti Tógò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí, ẹ ó gbọ́ Boukari. Ní Tanzania, Bakari ni. Ahọ́n àwa Yorùbá kì í fẹ́ kí ọ̀rọ̀ dúró sórí r, a fẹ́ fi ohùn gbé e kalẹ̀. A gé "Abu" kúrò níwájú, a fi "è" sẹ́yìn, ó di Bákàrè. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe sọ Yusuf di Yésúfù, tí a sọ Ibrahim di Bùráímọ̀, tí Idris di Dírísù. Kódà, àwọn tó ń jẹ́ Sìdíìkù, oríkì ọkùnrin kan náà ni wọ́n ń jẹ́: as-Siddiq, ìyẹn olóòótọ́, ni wọ́n fi ń ki Abu Bakr. Atiku náà, ìnagijẹ ẹ̀ ni.

Àáfà ní, "Ẹ wo àwọn tó ti ṣèjọba nílẹ̀ yìí. Abubakar Tafawa Balewa tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà òmìnira ní 1960, ará Bauchi ni. Abdulsalami Abubakar tó jẹ olórí ìjọba ológun ní 1998 sí 1999, ará Minna ni. Atiku Abubakar tó jẹ́ igbákejì ààrẹ láti 1999 sí 2007, ará Adamawa ni. Ta ni yóò sọ pé baba kan ló bí wọn? Ti Yorùbá ló wá kù tí ẹ fẹ́ kà sí ọmọ ìyá?"

Mo ní, "Àáfà, ẹni tó gbé Bíbélì dání ńkọ́?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ṣé mi ò gbọ́ orúkọ Pásítọ̀ Tunde Bakare rí ni, tí òun àti Muhammadu Buhari jọ díje fún ipò ààrẹ àti igbákejì ní 2011? Ilé Mùsùlùmí ni wọ́n bí i sí l'Ábẹ́òkúta, ó di onígbàgbọ́, kò sì sọ orúkọ bàbá ẹ̀ nù.

Wọ́n wá sọ èyí tó wọ̀ mí lára jù. Wọ́n ní nígbà àwọn baba ńlá wa, kò sí ohun tó ń jẹ́ sọ́nẹ́ẹ̀mù. Olúkúlùkù ló ní orúkọ tirẹ̀. Ẹni tí àáfà sọ ní Bákàrè lọ́jọ́ kẹjọ, bàbá ẹ̀ lè máa jẹ́ orúkọ Ògún tàbí ti Ifá. Ìgbà tí ọmọ Bákàrè yìí wọ ilé ìwé ni tíṣà bi í pé, "Ta lorúkọ bàbá ẹ?" Ó ní Bákàrè, tíṣà kọ ọ́ sínú ìwé. Láti ọjọ́ náà, orúkọ ẹnì kan di orúkọ gbogbo ilé. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ l'Ẹ́pẹ̀ẹ́, l'Ọ́fà, n'Ísẹ́yìn, tí ẹnì kankan kò mọ ẹnì kejì. Wọ́n ní, "Ìyá Aláṣọ, orúkọ kọ́ là ń béèrè tí a bá fẹ́ ṣe ìyàwó. Oríkì orílẹ̀ là ń béèrè."

Mo wọ mọ́tò, ó di Ìsẹ́yìn, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Mo bi wọ́n. Wọ́n ní bàbá àwọn tó ń jẹ́ Bákàrè lẹni àkọ́kọ́ tó kírun nílé náà, ahunṣọ òfì ni bàbá tó bí i, Òpómúléró sì ni ilé wa. Wọ́n gba nọ́ńbà bàbá ọmọkùnrin náà lọ́wọ́ ọmọ mi, wọ́n pe Ọ̀fà lójú mi. Ìyèrú Ọ̀kín làwọn yẹn. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí àwọn bàbá méjèèjì fi ka bàbá, ka bàbá ńlá, ka ìyá ńlá tán. Wọn kò pàdé níbì kankan. Ohun tí mo fi dá ọmọ mi lóró fún oṣù mẹ́rin, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí fóònù ló yanjú ẹ̀.

Ó wá ku kí n lọ bẹ̀bẹ̀. Èmi ni mo lọ bá ìyá ọkọ l'Ọ́fà, kì í ṣe àwọn ló wá bá mi. Mo kúnlẹ̀ lórí símẹ́ǹtì. Wọn kò tètè ní kí n dìde. Wọ́n ní, "Ẹ lé ọmọ mi jáde bí ẹni lé adìẹ. Ó gbé iṣu yẹn padà wálé, kò jẹ́ ká sè é." N kò rí nǹkan kan sọ. Omijé ni mo fi dáhùn. Ìgbà tó yá ni wọ́n fà mí dìde, wọ́n ní abiyamọ ni àwa méjèèjì.

Ọdún 2021 la ṣe ìyàwó. Léèsì tí mo fọkàn yàn lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún ni mo wọ̀. Nínú ẹrù ìdána tí wọ́n kó wá, iṣu márùn-ún wà lápá kan, wọ́n fi okùn dì í lọ́tọ̀. Ìyá ọkọ wò mí, mo wò wọ́n, a jọ bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọmọ mi lọ sí báńkì lẹ́yìn ìgbà náà, akọ̀wé bi í pé ṣé kò tíì yí orúkọ padà sí ti ọkọ ẹ̀ ni. Ó ní ó ti yí i. Láti Bákàrè sí Bákàrè.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ohun tí mo fẹ́ sọ kò jù báyìí lọ. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ Bákàrè, Yésúfù tàbí Bùráímọ̀ lẹ́nu ẹni tó fẹ́ ọmọ yín, ẹ má sáré dìde bíi tèmi. Ẹ jókòó, kí ẹ bi í léèrè ilé àti oríkì orílẹ̀ ẹ̀. Ẹ sì kọ́ àwọn ọmọ yín ní tiyín, nítorí ká ní ọmọ mi mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà ni, ọ̀rọ̀ ò bá má tí ì kọjá orí àga. Èmi gan-an tí mo bí i ni n kò kọ́ ọ.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Aláṣọ,
Gbági, Ìbàdàn.