Bàkàrè Ti Ibo?

Ní Alímọ̀ṣọ́, ẹni tó bá ní Bàkàrè ni orúkọ òun kò tíì dáhùn ohun tí wọ́n bi í. Ìbéèrè tó kàn ni, "Bàkàrè ti ibo?" Ti Ìjẹ̀bú Òde ni, àbí ti Ẹ̀pẹ́? Ti Ìsẹ́yìn ni, àbí ti Ọ̀ffà? Mo mọ àdúgbò kan lẹ́yìn ọjà Ìkòtún tí onílé mẹ́ta ti ń jẹ́ Bàkàrè, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì bá èkejì tan. Ọ̀kan wá láti Ọ̀yọ́, ọ̀kan jẹ́ Ẹ̀gbá, ẹ̀kẹta jẹ́ Àwórì tí bàbá ńlá rẹ̀ ti ń dáko níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ta púlọ́ọ̀tì kan. Àwọn ará àdúgbò ti wá ọgbọ́n sí i: Bàkàrè Tíṣà, Bàkàrè Onímọ́tò, Bàkàrè Onílẹ̀.

Orúkọ tó jọ ọ́ kún ibẹ̀. Láwàl, Sàlámì, Làmídì, Ràímì, Bùráímọ̀, Kàrímù, Lásísì: bí ènìyàn bá ń ka orúkọ àwọn onílé láti Ẹgbẹ́dá títí dé Akọ́wọ́njọ, kò ní rìn jìnnà kó tó bá wọn pàdé. Nígbà ìkànìyàn ọdún 2006, àjọ ìkànìyàn Nàìjíríà kọ 1,277,714 sílẹ̀ fún Alímọ̀ṣọ́. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kò gbà, wọ́n ní iye tí àwọn kà jẹ́ 2,047,026. Èyí tó wù ká mú níbẹ̀, kò sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Èkó tó pọ̀ tó o. Àwọn tó kún ibẹ̀ ti gbogbo ilẹ̀ Yorùbá àti òkèèrè wá, oníkálukú gbé orúkọ bàbá rẹ̀ dání. Bàkàrè ni mo mú nínú gbogbo wọn, nítorí pé òun ni bàbá ìyá mi ń jẹ́, àti nítorí pé ọkàn mi kò balẹ̀ nípa ohun tí àwọn ọmọ wa ń fi orúkọ náà ṣe lásìkò yìí.

Ẹni tó ni orúkọ náà ni Abu Bakr, oníṣòwò aṣọ ní Mẹ́kà, ọ̀rẹ́ Ànábì Muhammad àti bàbá Àíṣà. Òun ló bá Ànábì rin ìrìnàjò hijira lọ sí Mẹ̀dínà lọ́dún 622, tí àwọn méjèèjì sá pamọ́ sínú ihò òkè Thawr. Àáfà tó bá ń wàásù hijira kò ní ṣàìdé inú ihò yẹn. Òun ló fi owó ara rẹ̀ ra Bilal kúrò nínú ìyà ẹrú. Nígbà tí Ànábì papòdà lọ́dún 632, òun ni kàlífà àkọ́kọ́, ọdún méjì péré ló sì lò kí òun náà tó kú ní 634. Láàárín ọdún méjì yẹn, ogun Yamama pa ọ̀pọ̀ àwọn tó há Kùránì sórí. Ẹ̀rù ba àwọn tó kù pé ọ̀rọ̀ náà lè sọnù, Abu Bakr sì pàṣẹ fún Zayd ibn Thabit pé kó kó gbogbo rẹ̀ jọ sójú kan. Ibi tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù bá dé, orúkọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàìdé ibẹ̀.

Ohun kan wà nínú orúkọ náà tó máa ń wú mi lórí. Abu Bakr kì í ṣe orúkọ àbísọ. Abdullah ni ọ̀pọ̀ òpìtàn sọ pé ó ń jẹ́. "Bàbá Bakr" ni Abu Bakr, bakr sì ni ọ̀dọ́ ràkúnmí. Àṣà Lárúbáwá ni kí wọ́n máa fi orúkọ ọmọ pe bàbá tàbí ìyá fún ọ̀wọ̀, wọ́n sì lè fún ẹni tí kò tíì bímọ ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Abu Bakr bí ọmọkùnrin mẹ́ta, Abdullah, Abdur-Rahman àti Muhammad. Kò sí Bakr nínú wọn. Àwa tí a ń pe aládùúgbò ní Bàbá Ìbejì, tí a lè gbé pẹ̀lú Màmá Sèkínà fún ogún ọdún láìmọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ, kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí wa. Ẹ wo ọ̀nà tó wá gbà: ohun tí wọ́n fi ń yẹ́ bàbá kan sí ní Mẹ́kà ni wọ́n sọ ọmọ jòjòló lórúkọ nílẹ̀ Yorùbá, ọmọ náà dàgbà, ó di bàbá, àwọn ọmọ rẹ̀ sì tún gbé e kọ́rùn gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìdílé.

Orúkọ náà bá àwọn oníṣòwò àti àwọn onímọ̀ gba aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, ibi tó bá sì dé ni ahọ́n ibẹ̀ ti tún un rọ. Bakary ni wọ́n ń pè é ní Gambia, ní Senegal àti ní Mali, àbí Boubacar. Ní Sàró, Bakarr ni wọ́n ń kọ. Àwọn Kànúrí ní Bukar. Bí ọmọ Hausa bá ń jẹ́ Abubakar, ẹ ó gbọ́ tí wọ́n ń pè é ní Garba. Àwọn ará Turkey pàápàá, tí kò sí lọ́nà yẹn, ní Bekir. Ní Benin àti Tógò, ó di Boukari, èyí tí ẹ lè bá pàdé ní Ìkòtún pẹ̀lú láàárín àwọn bíríkìlà àti àwọn tó ń yan búrẹ́dì.

Ẹ pe Bakary, kí ẹ tún pe Bàkàrè. Etí a gbọ́ ọ pé wọ́n sún mọ́ra ju Bàkàrè àti Garba lọ. Èrò tèmi ni pé kì í ṣe ọ̀dọ̀ Hausa ni àwọn baba wa ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, bí kò ṣe lẹ́nu àwọn èèyàn ìhà ìwọ̀ oòrùn, àwọn tó ti ilẹ̀ Mali wá, nítorí pé kì í ṣe orúkọ yìí nìkan ló tọ́ka síbẹ̀. Ìmàle tí a ń pe ẹlẹ́sìn náà, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló so ó mọ́ Mali. Àlùfáà tí a ń pe olùkọ́ Kùránì bá alfa tí àwọn Songhay ní Gao àti Timbuktu ń sọ dọ́gba. Ẹ̀sìn náà ti wọ àárín wa kí jíhádì Usman dan Fodio tó bẹ̀rẹ̀ ní 1804, kí Ìlọrin sì tó di ilé ẹ̀kọ́ Kùránì tí gbogbo Yorùbá mọ̀. Bí mo bá pe Bàkàrè, ọ̀nà jíjìn yẹn ni mò ń gbọ́. Bí mo bá pe Abubakar gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń pè é lórí tẹlifíṣọ̀n, n kò gbọ́ ọ.

Báwo wá ni orúkọ ẹnìkan ṣe di ti ìdílé? Látijọ́, agboolé ni wọ́n fi ń mọ ọmọ, agboolé àti oríkì orílẹ̀. Orúkọ tí bàbá ń jẹ́ kì í di ti ọmọ. Ilé ìwé àti ọ́fíìsì ìjọba ló yí i padà. Àwọn Mùsùlùmí Èkó kọ́kọ́ fà sẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ ilé ìwé, nítorí pé àwọn míṣọ́nnárì ló ni ilé ìwé, ọmọ tó bá sì wọlé gẹ́gẹ́ bíi Bàkàrè lè jáde gẹ́gẹ́ bíi Jacob. Ẹ̀rù tó nídìí ni. Ní 1896 ni ìjọba ṣí ilé ìwé fún àwọn Mùsùlùmí ní Èkó, òǹkọ̀wé Edward Blyden sì wà lára àwọn tó ṣe akitiyan rẹ̀. Ní 1923, ẹgbẹ́ Ansar-ud-Deen bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, ilé ìwé wọn sì tàn kálẹ̀ dé àwọn ìlú mìíràn. Níwájú tíṣà tó ṣí ìwé orúkọ ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Kí lorúkọ rẹ? Sùfíánù. Orúkọ bàbá rẹ ńkọ́? Bàkàrè. Sùfíánù Bàkàrè ló wọ ìwé lọ́jọ́ náà, òun náà ló wà lórí ìwé ẹ̀rí, òun ló wọ ìwé owó oṣù ní Réluwéè. Nígbà tí Sùfíánù bímọ, àwọn ọmọ ti di Bàkàrè kí ẹnikẹ́ni tó bi wọ́n léèrè.

Irú èyí ṣẹlẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, ó ṣẹlẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, ó ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn, láàárín àwọn tí kò gbọ́ nípa ara wọn rí. Ìdí nìyẹn tí Bàkàrè fi pọ̀ tó báyìí láìbára tan. Ẹni tó bá ń jẹ́ ẹ lónìí kò ní láti wá orísun rẹ̀ lọ sí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Bàbá bàbá rẹ̀ ni, tàbí bàbá ẹni yẹn. Ọkùnrin kan tí àwọn àgbà ilé rẹ̀ ṣì mọ ibojì rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ọkùnrin náà ti dàgbà kó tó gba ẹ̀sìn, ó sì ti ń jẹ́ orúkọ Ifá tàbí orúkọ Ògún tẹ́lẹ̀.

Ìgbàgbọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Pásítọ̀ Túndé Bàkàrè, tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta ní 1954 sínú ilé Mùsùlùmí, ló dá ìjọ Latter Rain sílẹ̀ ní Èkó ní 1989, òun náà ni Muhammadu Buhari mú gẹ́gẹ́ bí olùdíje fún ipò igbákejì ààrẹ ní 2011. Bàkàrè náà ni títí dòní. Nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tó kún láti Ìdímù dé Ìkòtún, Bàkàrè wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, Bàkàrè wà láàárín àwọn díákónì, ará ilé wọn sì ń kírun ní mọ́ṣáláṣí lópin òpópónà kan náà. Bí Iléyá bá dé, wọ́n á pín ẹran fún ara wọn. Mo ka èyí sí ọ̀kan nínú ohun tó dára jù lọ tí Yorùbá ṣe.

Ṣùgbọ́n orúkọ náà ti ń bọ́ lọ́wọ́ wa láti ọ̀nà méjì. Lọ́nà kìíní, àwọn kan tó di onígbàgbọ́ ń yọ ọ́ kúrò, wọ́n ń fi orúkọ tó ní Jésù tàbí Olúwa nínú rọ́pò rẹ̀, wọ́n á lọ búra ní kóòtù, wọ́n á sì gbé e sínú ìwé ìròyìn pé kí gbogbo ayé máa pe àwọn bẹ́ẹ̀. Lọ́nà kejì, àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí ń tún un ṣe. Mo wà níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ìgándò, níbi tí bàbá ọmọ ti fẹ́ kí wọ́n fi orúkọ bàbá rẹ̀ àgbà sọ ọmọ. Àáfà ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀ pe Abubakar sí ọmọ létí, ó dára bẹ́ẹ̀. Màmá àgbà tó gbé ọmọ mọ́ra ní, "Bàkàrè mi, káàbọ̀ o." Àáfà rọra sọ pé, "Màmá, Abubakar ni ẹ pè é. Bàkàrè kì í ṣe orúkọ." Màmá dákẹ́. Orúkọ ọkọ rẹ̀ ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀.

Mo mọ ìdí tí àwọn àáfà fi ń sọ ọ́. Nínú àwọn orúkọ kan, ẹ̀sùn wọn fẹsẹ̀ múlẹ̀. Làmídì jẹ́ ìyókù Abdul-Hamid, Ràímì jẹ́ ìyókù Abdur-Rahim, Lásísì jẹ́ ìyókù Abdul-Azeez. Ibi tí "ẹrú Ọlọ́run" wà nínú orúkọ ni a gé dànù, tí a wá ń fi àbùdá Ọlọ́run nìkan pe ènìyàn. Ẹni tí èyí bá ń da ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ láàmú, n kò ní bá a jà. Ṣùgbọ́n kò sí irú rẹ̀ nínú Bàkàrè. Abu Bakr jẹ́ orúkọ ènìyàn, a sì ń fi pe ènìyàn. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i ni pé ahọ́n Yorùbá pè é bó ṣe lè pè é, gẹ́gẹ́ bí ahọ́n àwọn ará Turkey ṣe pè é ní Bekir, tí kò sì sí ẹni tó sọ pé Bekir kì í ṣe Mùsùlùmí. Ọkùnrin tó gba orúkọ náà lọ́wọ́ àlùfáà, tó fi í kírun fún àádọ́ta ọdún, tó fi í lọ Mẹ́kà, tí wọ́n sì fi orúkọ náà sin, kì í ṣe àṣìpè ló jẹ́ láyé.

Ìṣòro mìíràn tún wà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti fi ọwọ́ ara wọn tú ìdílé ká lórí ìwé. Mo mọ ọmọ ìyá méjì ní Ṣáṣá tí ọ̀kan jẹ́ Bakare lórí páṣípọ́ọ̀tù, tí èkejì jẹ́ Bakre lórí káàdì ìdánimọ̀, nítorí pé òṣìṣẹ́ tó kọ ọ́ kò béèrè, àwọn náà kò sì tètè rí i. Nígbà tí bàbá wọn kú, tí wọ́n fẹ́ gba owó rẹ̀ ní báńkì, ìwé ìbúra ló ń tẹ̀lé ìwé ìbúra kí wọ́n tó gbà pé bàbá kan náà ló bí wọn. Bí ẹ̀kẹta wọn bá tún ti di Abubakar ńkọ́? Ní Alímọ̀ṣọ́ tí ẹjọ́ ilẹ̀ kì í tán, tí ìwé ilẹ̀ àtijọ́ sì máa ń kọ "ìdílé Bàkàrè" láìsí àlàyé mìíràn, ọmọ tó bá pa orúkọ dà lè rí i pé òun ti sọ ara òun di àlejò lórí ilẹ̀ bàbá òun.

Nítorí náà, ohun tí mò ń bẹ àwọn tó bá fẹ́ yí i padà ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó ti àgbà kan nílé, kí wọ́n béèrè ta ni ẹni àkọ́kọ́ tó jẹ́ Bàkàrè, agboolé wo ló ti wá, ta ló sọ ọ́ lórúkọ, kí ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó lọ sí kóòtù. Mo ti kọ ti bàbá ìyá mi. Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti bí i, òfì híhun ni iṣẹ́ rẹ̀. Orúkọ Ògún ló ń jẹ́ títí ó fi gbéyàwó. Àlùfáà kan tó ti Ìlọrin wá, tó wá ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì sùn sí ilé rẹ̀ ní gbogbo oṣù Ràmàdáànì, ló kọ́ ọ ní ìrun kíkí, tó sì sọ fún un pé oníṣòwò aṣọ kan wà ní Mẹ́kà tó jẹ́ ọ̀làwọ́ bíi tirẹ̀, àti pé orúkọ ẹni yẹn ni kó máa jẹ́.