Ẹja Méjì Tó Ń Jẹ́ Kapitẹ́ẹ̀nì

Òkun jìnnà sí Nimbo. Àdúgbò kan ni Nimbo jẹ́ nílùú Bouaké, láàárín gbùngbùn Côte d'Ivoire, ó sì tó nǹkan bí 350 kìlómítà sí Abidjan tó wà létíkun. Ẹja òkun kì í dé ibẹ̀ àfi nínú yìnyín tàbí ní yíyangbẹ. Ọmọ Ẹ̀jìgbò tí a bí síbẹ̀, tí àwọn aládùúgbò ń pè ní Ànàgó, lè mọ adùn kapitẹ́ẹ̀nì dáadáa láì mọ bí kapitẹ́ẹ̀nì fúnra rẹ̀ ṣe ń jẹun. Bẹ́ẹ̀, ẹja méjì ni orúkọ Faransé yìí bò mọ́lẹ̀, oúnjẹ wọn ló sì yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ti etíkun ni Polydactylus quadrifilis, tí Cuvier sọ ní quadrifilis, èyíinì ni olókùn mẹ́rin, ní 1829. Orí ẹrẹ̀ àti yanrìn ló ń gbé, nínú ọ̀sà àti níbi tí odò ti ń wọ òkun. Omi ibẹ̀ máa ń dàrú, ojú kò sì fi bẹ́ẹ̀ wúlò. Fọ́nrán mẹ́rin tó wà nísàlẹ̀ lẹbẹ àyà rẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì, ló fi ń tálẹ̀ kiri bí afọ́jú ṣe ń fi ọ̀pá wá ọ̀nà. Bí fọ́nrán bá kan edé, akàn tàbí ẹja kékeré, ẹnu rẹ̀ tó fara pamọ́ sábẹ́ imú a là gbàgà. Bí ó ṣe ń fọwọ́ wá oúnjẹ nìyẹn, ó sì lè gùn tó mítà méjì.

Èkejì, Lates niloticus, ń gbé inú omi tí kò níyọ̀. Òun ni kapitẹ́ẹ̀nì odò Ọya ní Mali. Àwọn Hausa ń pè é ní giwan ruwa, erin omi. Kò ní fọ́nrán rárá. Ojú ló fi ń ṣọdẹ, bó bá sì ti dàgbà, ẹja ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń gbé mì. Wọ́n kó o sínú adágún Victoria ní àwọn ọdún 1950 àti 1960. Nígbà tí yóò fi di àwọn ọdún 1980, ọ̀pọ̀ irú ẹja kéékèèké ibẹ̀ ti pòórá.

Ojú ọ̀nà tó so etíkun pọ̀ mọ́ Mali ni Bouaké wà, ibẹ̀ sì ni orúkọ méjèèjì ti pàdé. Kí ni olùkọ́ yóò wá kọ sójú pátákó? “Irú ẹja kan” ni ìwé atúmọ̀ èdè wa sábà máa ń wí, ọ̀lẹ sì ni ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹja ń jẹ, ibi tó ti ń jẹ ẹ́, ohun tó fi ń wá a: ìwọ̀nyí ló yẹ kó ṣáájú. Àmọ́ fọ́nrán kì í hàn lára ẹja tí wọ́n ti gé wẹ́wẹ́. Olùkọ́ tó bá fẹ́ fi han ọmọ, kó ra odidi.